Ọwọ́ Tí Kò Sinmi: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Olùdíje Kan Nínú Ètò Tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó wọ ilé kan pẹ̀lú àwọn olùdíje mìíràn láti kópa nínú ètò tẹlifíṣọ̀n tí kámẹ́rà kì í kúrò lára ènìyàn láti òwúrọ̀ títí wọ alẹ́. Èmi ni oníṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn tí àwọn tó ṣe ètò náà gbà láti máa bójú tó àwọn olùdíje ṣáájú kí wọ́n tó wọlé, nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ó fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo sì ti yọ ohun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ kúrò.

Ohun tó ń ṣe é kò jọ nǹkan bàbàrà lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ á máa wá ẹ̀gbẹ́ èékánná àtàǹpàkò kiri. Á rọra máa fi pa á, títí yóò fi kan ibi tí awọ ti yọ ṣóńṣó díẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í ya á. Nígbà mìíràn á gbé e sẹ́nu, á fi eyín gé èyí tó kù. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, á máa gbé itọ́ mì lemọ́lemọ́, èjìká rẹ̀ méjèèjì á sì máa ká sókè díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tí òtútù ń mú.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà àyẹ̀wò ìṣáájú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti mọ́ òun lára. Ohun tí mo ní láti mọ̀ nígbà náà ni bóyá àṣà lásán ni tàbí àìsàn. DSM-5, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013, ló ya yíya awọ ara sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà béèrè ju pé ènìyàn ń ya awọ lọ: ó gbọ́dọ̀ máa dá egbò sílẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti gbìyànjú léraléra láti jáwọ́ kí ó má ṣeé ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ máa bà á lọ́kàn jẹ́ gidigidi tàbí kí ó máa dí iṣẹ́ àti ìgbé ayé rẹ̀ lọ́wọ́. Tirẹ̀ kò dé ibẹ̀. Egbò kéékèèké máa ń wà, wọ́n sì ń jinná fúnra wọn. Kò tíì tìtorí rẹ̀ sá fún ibi kankan rí. Mo kọ ọ́ pé kò sí ìdí tí kò fi lè wọlé, ṣùgbọ́n kí a máa ṣàkíyèsí ọwọ́ rẹ̀.

Eré inú ilé náà ló sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Àwọn olóòtú ti fi iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ rán àwọn kan láàárín àwọn olùdíje, àwọn yòókù kò sì mọ̀ wọ́n. Ní alaalẹ́, gbogbo wọn á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa wo ojú ara wọn, wọ́n á máa nawọ́ ìfura síra wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á dìbò lé ẹnì kan jáde. Níbi tí a ti ń wá ọ̀dàlẹ̀ kiri, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi ti di ẹlẹ́jọ́ kó tó lanu. Obìnrin yìí kò gba iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ kankan. Olóòótọ́ ni nínú eré náà. Àmọ́ kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n wọlé tí ọkùnrin kan tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí fi wò ó ní ilé ìdáná, tó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: “Àbúrò, kí ló dé tí ọwọ́ rẹ kò sinmi? Kí lo fi ń pa mọ́ fún wa?”

Láti ìgbà náà lọ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń jókòó lé e. Ó ń fa apá ẹ̀wù bo ìka. Ó ń di ife omi mú ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé òùngbẹ kì í tán lọ́fun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn méjì, David Clark àti Adrian Wells, ti ṣàlàyé irú nǹkan báyìí lọ́dún 1995 nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé lórí ìbẹ̀rù àwùjọ: ẹni tí ẹ̀rù ojú ènìyàn ń bà á yí ojú inú rẹ̀ padà sí ara rẹ̀, á máa rí ara rẹ̀ bó ṣe rò pé àwọn ẹlòmíràn ń rí i, á sì máa ṣe oríṣiríṣi nǹkan láti dáàbò bo ara rẹ̀. Àwọn ohun ààbò yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rù náà lọ, wọ́n sì tún máa ń mú kí ìṣesí rẹ̀ ṣàjèjì lójú àwọn tó wà níbẹ̀. Bó ṣe rí fún un nìyẹn. Nítorí pé ọkàn rẹ̀ wà lára ọwọ́ rẹ̀, kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ nídìí tábìlì. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn, ohùn rẹ̀ á sì ti tín-ín-rín. Ìfura wá di ìlọ́po méjì.

Inú ilé-iṣẹ́ wa ni nǹkan kejì tó dá kún un ti wá. Máíkì tí wọ́n ń so mọ́ àyà ẹ̀wù àwọn olùdíje ń gbé ìró eyín àti èékánná rẹ̀ wọlé, wàhálà sì ni fún ẹni tó ń bójú tó ohùn. Ọ̀kan lára àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdarí bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí olùdíje ti ń dá nìkan bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, kò sì ní èrò ibi: “Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan ẹnu mọ́.” Lọ́dún 1987, Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn má ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n máa lu agogo bó bá ti wá sọ́kàn wọn. Agogo ń dún ṣáá. Nígbà tí wọ́n sì wá gbà wọ́n láyè láti ronú nípa rẹ̀, wọ́n ronú nípa rẹ̀ ju àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí lọ́jọ́ tí wọ́n kìlọ̀ fún un nìyẹn. Kó tó di alẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná àtàǹpàkò méjèèjì.

Ìgbà náà ló béèrè fún mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ọwọ́ ara mi ló ń jẹ́rìí lòdì sí mi.”

Ohun tí mo kọ́kọ́ fún un ni ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn: mímí jẹ́jẹ́, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí mímí síta pẹ́ ju fífà sínú lọ. Mo tún ní kí ó má máa sọ fún ara rẹ̀ pé “fọkàn balẹ̀” ṣáájú ìdíje ọ̀sán, kí ó máa sọ pé “ara mi ti yá gágá.” Alison Wood Brooks ṣe ìwádìí lórí èyí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2014: ọkàn tó ń lù kìkì kò jìnnà sí ọkàn tí ayọ̀ mú kó máa lù, nítorí náà ó rọrùn kí ènìyàn yí ìbẹ̀rù padà sí ìtara ju kí ó fipá pa á lẹ́nu mọ́ lọ. Ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó ń sáré, ó ń gun òkè, ó ń yanjú àlọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dákẹ́. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ń padà sí.

Mo bẹ àwọn olóòtú pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo àwòrán tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ nídìí tábìlì. Mo pa ohùn rẹ̀, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níyànjú pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ máa ń fa ojú ẹni kúrò lára ohun tó yẹ kí a rí. Gbogbo wa ló ti gbà pé ẹ̀sùn ló ń dá ọwọ́ náà lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn án lójúkojú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó sì ń fi í ṣàlàyé. Ìgbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹlòmíràn tí kò sì mọ ibi tó ń lọ: nígbà tí atọ́kùn ètò bá dákẹ́ kó tó ka orúkọ, nígbà tí ẹnì kan bá ń yí pátákó ìbò rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Dídúró de nǹkan ló ń bà á lẹ́rù. Ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó mẹ́nu bà wá yé mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bi í, ó sì rẹ́rìn-ín: kì í ṣe ìgbà tó ń kọ ìdánwò ló máa ń ya awọ, ìgbà tí tíṣà bá ń pín èsì ni.

Bí a ti mọ èyí ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí mo lò ni èyí tí Nathan Azrin àti Gregory Nunn gbé kalẹ̀ lọ́dún 1973 fún àwọn ìṣe tó ti wọ ènìyàn lára. Ohun àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni kí ẹni náà mọ ìṣe ọ̀hún ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ó tó di pé awọ ya. Mo ní kí ó ṣe é fún mi lọ́nà tó falẹ̀, kí ó sì máa ròyìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìgbà náà ló rí i pé ohun kan wà ṣáájú kí ìka ìfábẹ̀lá tó gbéra: ìka àárín máa ń ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìka àárín yẹn di àmì fún wa.

Ohun kejì ni pé kí ó fi ìṣe mìíràn rọ́pò, èyí tí kò lè bá ti àkọ́kọ́ rìn pọ̀. Nínú yàrá ìtọ́jú a máa ń sọ pé kí ènìyàn di ẹ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Níwájú kámẹ́rà, ẹ̀ṣẹ́ dídì á jọ ìbínú, ẹ̀sùn tuntun nìyẹn. A wá ohun tí ojú kò ní dá mọ̀: kí ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé itan, kí ó fi ìka márààrún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó sì gbé ojú rẹ̀ lọ sí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an. Apá ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì jù lójú mi, nítorí pé òun ló ń mú ọkàn rẹ̀ kúrò lára ara rẹ̀ padà sínú yàrá.

Ohun kẹta ló le. Azrin àti Nunn fẹ́ kí ẹnì kan tó sún mọ́ ọn máa ràn án lọ́wọ́, kí ó máa yìn ín bó bá ṣe dáadáa, kí ó sì máa rán an létí bó bá gbàgbé. Nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń bára wọn díje, ta ni yóò ṣe é? A yan obìnrin tó ń so máíkì mọ́ wọn láyà láràárọ̀. Kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìbò. Ó kàn ń wo àtàǹpàkò, á ní “ó ń jinná,” tàbí kó dákẹ́. Ohun tó fún un kò tún sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ilé náà: ẹni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ láìwá ẹ̀bi sí i.

Olóòtú àgbà bi mí bóyá kò ní jẹ́ ojúsàájú tí mo bá ń kọ́ olùdíje kan bí yóò ṣe ṣe níbi ìdìbò. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìdáhùn mi ni pé irú ìrànlọ́wọ́ yìí gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo wọn, kí a sì sọ fún gbogbo wọn pé ó wà. A ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì wá. Mo tún pa ààlà: n kò bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó yẹ kó fura sí tàbí ohun tó yẹ kó sọ. Egbò, oorun, àti àìbalẹ̀ ọkàn ni tèmi.

Mo tún fẹ́ kí ó rí ara rẹ̀ lórí fídíò, nítorí pé ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun máa ń gbọ̀n bí ewé lójú gbogbo ènìyàn. Òfin ètò náà kò gbà kí olùdíje wo ohunkóhun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ nínú ilé, bó sì ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. A lo fídíò ìdánwò tó fi wọlé. Kó tó wò ó, mo ní kí ó sọ ohun tó rò pé òun máa rí, kí ó sì fi nọ́ńbà sí i láti 0 dé 10. Ó fi 9 sí gbígbọ̀n ọwọ́. Mo ní kí ó wò ó bí ẹni tí kò mọ obìnrin tó wà nínú rẹ̀ rí. Nígbà tó parí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi 3 sí i. Ó ní, “Ó kàn dà bí ẹni tó ń ronú ni.”

Nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ títí di alẹ́ kan tí ìdìbò parí sí ìdọ́gba, tí wọ́n sì ní láti tún un dì. Ọ̀gànjọ́ ti jìn. Wọn kò tíì sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, kọfí sì ni wọ́n fi ń gbé ara dúró. Àìsùn àti kọfí máa ń ru irú ọkàn bẹ́ẹ̀ sókè, kò sì sí ọgbọ́n ọwọ́ tó lè borí méjèèjì papọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ka orúkọ, awọ àtàǹpàkò òsì ti ya wọ inú. Nọ́ọ̀sì fọ̀ ọ́, ó sì lẹ plásítà mọ́ ọn. Ìlera ara ló kọ́kọ́ gbé mi dìde: mo ní kí àkókò ìdìbò má kọjá wákàtí kan pàtó mọ́, kí tíì tí kò ní kaféènì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí. Wọ́n gbà, fún gbogbo olùdíje.

Plásítà yẹn ló mú àyípadà ńlá wá, èmi kọ́ ló sì dá a lábàá. Kò ṣeé fi pa mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọkùnrin tó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè tún béèrè ohun tó ṣe ìka rẹ̀. Kò fa apá ẹ̀wù bò ó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń ya á ni. Láti kékeré ni. Bí mo bá ti ń dúró de èsì nǹkan, bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ jáde: gbogbo èékánná rẹ̀ ló ti jẹ tán. Ọkùnrin náà kò gbà á gbọ́ pátápátá. Ó ní ẹni tó bá ní nǹkan í pa mọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀ náà. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ọwọ́ obìnrin yìí rọlẹ̀ ju bó ti rí lábẹ́ gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í rí: ohun tó ń jẹ agbára rẹ̀ jù ni fífi pa mọ́. Nígbà tí kò sí ohun tó ń fi pa mọ́ mọ́, àtẹ́lẹwọ́ lórí itan wá tó o. Wọ́n padà dìbò lé e jáde lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí àdéhùn kan tó dà láàárín òun àti olùdíje mìíràn ni. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kó irinṣẹ́ wa ńlẹ̀ nìyí, ibẹ̀ sì ni ewu mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí àwọn tó ń gé fídíò fi àwọn apá tó kàn án hàn mí kó tó jáde. Nínú ọ̀kan, ẹnì kan ń sọ pé ọ̀dàlẹ̀ wà láàárín wọn, lójijì a rí àtàǹpàkò rẹ̀ ní tòsí, tí èékánná ń wọ inú awọ. Aṣọ ọrùn ọwọ́ tó yọ nínú àwòrán yẹn kì í ṣe èyí tó wọ̀ lálẹ́ náà. Alẹ́ mìíràn ni wọ́n ti mú un. Mo bá wọn sọ ọ́ bó ṣe rí: ìjáyà òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi àwọn àwòrán ọwọ́ tó wà ní àyè tirẹ̀ sílẹ̀, n kò sì bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, nítorí òun náà kò fẹ́ kí a sọ òun di ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ṣe ìtọ́jú tó yẹ fún ẹni tí ìkópa nínú ètò bá lè ṣe ìpalára ńlá fún. Lójú tèmi, yàrá tí wọ́n ti ń gé fídíò wà lára ibi tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé.

Kó tó di pé ètò náà jáde, a jọ wo gbogbo apá tó wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn òǹwòran kan máa pè é ní òpùrọ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀, mo sì ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi ní ìwọ̀n. Charles Bond àti Bella DePaulo kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2006: bí a bá ní kí àwọn ènìyàn wo ẹnì kan kí wọ́n sọ bóyá irọ́ ló ń pa, nǹkan bí ìgbà 54 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń gbà á. Ẹni tó ju owó ẹyọ sókè á gba 50. Ọ̀rọ̀ náà dé lóòótọ́, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n kò bá a lójijì. Nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn, awọ àtàǹpàkò rẹ̀ ti dán. Ó ní òun ṣì máa ń ya á bí òun bá jókòó síwájú yàrá dókítà.

Fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú níbẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú òṣìṣẹ́ ètò má bá olùdíje sọ̀rọ̀ nípa ìṣesí ara rẹ̀. Bí ìró bá ń wọ máíkì, kí wọ́n sún máíkì, tàbí kí wọ́n wá bá oníṣẹ́ ìtọ́jú. Kí a wá àkókò tí ìṣe náà ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó wá oògùn fún un, torí pé mímí jẹ́jẹ́ kò lè wo ohun tó jẹ́ pé dídúró de èsì ló ń fà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé egbò kì í jinná, tàbí tí ẹni náà ti ń sá fún ènìyàn nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti orí ètò, ó ti di ti oníṣègùn, kí a má sì dúró kí eré parí.

Nínú àyẹ̀wò ìṣáájú tí mo ń ṣe báyìí, mo máa ń bi olùdíje kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ara rẹ̀ máa ń ṣe bó bá ń dúró de èsì. Mo máa ń ní kí ó fi hàn mí, kí n rí ìka tó kọ́kọ́ gbéra. Ìdáhùn yẹn ni mo fi ń bá àwọn olóòtú jókòó kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a lè fẹnu kò lórí àwòrán tí wọn kò ní gé kúrò ní àyè rẹ̀, àti lórí ẹni tí yóò máa wo ọwọ́ olùdíje náà láràárọ̀.